Ọ̀rọ̀ Àṣírí: Títú Ni Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Fi Bẹ̀rẹ̀

Kò sí Yorùbá kan tí ó ti pẹ́ ní ìdálẹ̀ tí irú rẹ̀ kò tíì ṣe ojú rẹ̀ rí. Ìyá méjì dúró níwájú ìsọ̀ aláṣọ ní ọjà Kano, wọ́n ń ná léèsì. Bí ọ̀rọ̀ owó ti fẹ́ le, wọ́n fi Hausa sílẹ̀, wọ́n bọ́ sí Yorùbá, ọ̀kan sì wí fún èkejì pé, "Má jẹ́ kí ó mọ̀ pé ó wù wá. Ṣe bí ẹni tí ń lọ. Bí kò bá pè wá padà, kí a fi nǹkan díẹ̀ kún un." Wọn kò tíì gbẹ́sẹ̀ kúrò níbẹ̀ tí aláṣọ fi bú sẹ́rìn-ín, tí ó sì dá wọn lóhùn ní Yorùbá tí ó já gaara pé, "Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kúkú fi nǹkan díẹ̀ náà kún un nísinsìnyí, kí ẹsẹ̀ má baà ro yín." Ọmọ Hausa ni baba náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n Sábó ní Ìbàdàn ni wọ́n ti bí i.

Ẹ̀rín ni gbogbo ènìyàn máa ń fi irú ọ̀rọ̀ báyìí rín. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀ ni ìpìlẹ̀ ìmọ̀ ńlá kan tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní kriptọ́lọ́jì, èyíinì ni ìmọ̀ bí a ti ń di ọ̀rọ̀ àṣírí àti bí a ti ń tú u. Ní 1883, Auguste Kerckhoffs, olùkọ́ èdè kan ní Paris, kọ ọ́ sínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn ológun ilẹ̀ Faransé pé ẹni tí ó bá ń di ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ gbà pé ọgbọ́n tí òun fi dì í lè bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tá nígbàkígbà, kí ìyẹn má sì pa á lára. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ni kí ó fi pamọ́. Àwọn ìyá méjì wọ̀nyí kò ní kọ́kọ́rọ́ kankan. Gbogbo ọgbọ́n wọn kò ju pé wọ́n gbà pé aláṣọ kò gbọ́ Yorùbá lọ. Nígbà tí ó sì ti gbọ́, ó parí.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí wá ni iṣẹ́ àkànṣe tí àwọn ọmọ Yorùbá ń ṣe ní àwọn yunifásítì tí ó wà káàkiri Òkè Ọya àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tí òbí wọn tẹ̀dó sí. Olùkọ́ a sọ fún àwọn tí ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà tàbí ìmọ̀ ìṣirò pé kí oníkálukú mú orí ọ̀rọ̀ kan, kí ó ṣe ìwádìí lé e lórí, kí ó sì kọ àbọ̀ rẹ̀ kí sáà tó parí. Kriptọ́lọ́jì a máa fà wọ́n mọ́ra, nítorí orúkọ rẹ̀ dùn ún pè, ó sì ní àdììtú nínú. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìpè yóò fi dé ilé: "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, owó pírójẹ́ẹ̀tì ti dé o." Òbí tí ó wà ní Kaduna, ní Jos tàbí ní Port Harcourt á wá owó náà, á fi ránṣẹ́, kò sì ní béèrè ohun tí ọmọ fẹ́ fi ṣe, nítorí ó rò pé ọ̀rọ̀ náà ju òye òun lọ. Kò ju òye rẹ̀ lọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó yẹ kí ó bi ọmọ náà: ṣé ọ̀nà tuntun láti di ọ̀rọ̀ ni ó fẹ́ hùmọ̀ ni, àbí ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn ti dì ni ó fẹ́ tú? Bí ó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́, kí owó náà ṣì dúró ná.

Kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan máa ń ra iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti ṣe ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tí wọn a yí orúkọ tí ó wà ní iwájú ìwé padà, tí wọn a sì gbé e fún olùkọ́. Ti àwọn wọ̀nyí kò gba àròyé. Àwọn tí ó ṣeé bá sọ̀rọ̀ ni àwọn olóòótọ́ tí wọ́n fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn ṣe é, ṣùgbọ́n tí wọ́n jókòó tí wọ́n ń hùmọ̀ ọ̀nà tuntun. Wọ́n a da lẹ́tà rú, wọ́n a tún un dà rú, wọ́n a pa ọ̀nà àtijọ́ méjì pọ̀ mọ́ra, wọ́n a sì kọ ọ́ sí ìparí ìwé wọn pé ọ̀nà àwọn kò ṣeé tú. Ta ni ó gbìyànjú láti tú u? Kò sí. Àwọn tìkára wọn ni wọ́n dì í, àwọn tìkára wọn náà ni wọ́n jẹ́rìí sí i.

Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí kò gbẹ́kẹ̀ lé ara wọn tó bẹ́ẹ̀. Ní 1978, Ralph Merkle àti Martin Hellman ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀nà kan jáde tí ó dúró lórí ìṣirò tí ó le gidigidi. Ní 1982, Adi Shamir tú u. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà sì ń fẹ́ ọ̀nà tuntun tí gbogbo ènìyàn yóò lè fi ọkàn tán, kò gbé iṣẹ́ náà fún ẹnì kan nínú yàrá kan. Ní 1997 ni wọ́n kéde rẹ̀. Ní 1998 wọ́n gba ọ̀nà 15 wọlé láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi. Àwọn onímọ̀ sì dojú kọ wọ́n ní gbangba, oníkálukú ń wá ibi tí ti ẹnì kejì ti sán. Ní 1999 ó ku márùn-ún. Ní 2000 ni wọ́n mú ti Joan Daemen àti Vincent Rijmen, ọmọ ilẹ̀ Belgium, tí ó di ìlànà ní 2001 tí wọ́n ń pè ní AES. Òun ni ó ń ṣọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ àti owó tí ń gba orí fóònù kọjá lónìí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní ọ̀sẹ̀ 12 péré, tí iná mànàmáná sì ń wá tí ó ń lọ bí ó ti wù ú, kò yẹ kí ó fi ara rẹ̀ sí ipò àwọn 15 yẹn. Ipò àwọn tí ń wá ibi tí ó sán ni kí ó fi ara rẹ̀ sí.

Ewu sì tún wà níbẹ̀. Ìdè tí kò le, tí ẹni tí ó dì í rò pé ó le, burú ju kí ó fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ gbalaja lọ. Ní 1586, Mary tí ó ti jẹ ọbabìnrin ilẹ̀ Scotland rí wà ní àtìmọ́lé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun àti Anthony Babington ń fi lẹ́tà àṣírí bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí bí wọn yóò ti gba Mary sílẹ̀ àti bí wọn yóò ti pa Ọbabìnrin Elizabeth. Àmì ni wọ́n fi rọ́pò lẹ́tà àti ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Thomas Phelippes, ọmọ iṣẹ́ Francis Walsingham, ń gba àwọn lẹ́tà náà lójú ọ̀nà, ó ń tú wọn, ó sì ń jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Nítorí tí ó fi ọkàn tán ìdè rẹ̀, Mary kọ ohun tí kì bá tí kọ sínú lẹ́tà lásán láéláé. Wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní oṣù Fẹ́búárì, 1587.

Ọgbọ́n tí a fi ń tú irú ìdè bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ ju ọjọ́ Mary lọ. Al-Kindi, onímọ̀ kan tí ó gbé ní Baghdad ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè Lárúbáwá. Nínú èdè kọ̀ọ̀kan, àwọn lẹ́tà kan máa ń jáde ju àwọn yòókù lọ. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, e nìkan a máa kó nǹkan bí 12 nínú 100 lẹ́tà. Bí ẹnì kan bá fi ìràwọ̀ rọ́pò gbogbo e, ìràwọ̀ náà ni yóò pọ̀ jù. Ó yí aṣọ padà, kò yí ìrìn padà. Nítorí náà ni kò fi yẹ kí ènìyàn jẹ́ kí iye kọ́kọ́rọ́ tan òun jẹ. Lẹ́tà 25 ni ó wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá. Iye ọ̀nà tí a lè gbà to wọn jẹ́ nọ́ńbà tí ó ní ẹyọ 26 nínú. Kọ̀ǹpútà tí ń dán bílíọ̀nù kan wò ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan yóò lò ju mílíọ̀nù 400 ọdún lọ kí ó tó dán gbogbo rẹ̀ wò tán. Síbẹ̀, ẹni tí ó mọ bí a ti ń kà á lè fi pẹ́ńsù àti ìwé tú u láàárín ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan.

Yorùbá kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ àṣírí. Kí ìwé kíkọ tó dé ni àwọn baba ńlá ti ń pa àrokò ránṣẹ́. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a sín pọ̀ ń wí pé ọkàn ẹni tí ó fi ránṣẹ́ fà sí ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí, nítorí ẹ̀fà ni; mẹ́jọ ń wí pé ìwà tàbí èrò àwọn méjèèjì jọ, nítorí ẹ̀jọ ni. Ẹnà náà sì ń bẹ, tí àwọn ọmọdé fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ níwájú àgbàlagbà: ẹni tí ó fẹ́ wí pé "mo fẹ́ lọ" a ní "mogo fẹ́gẹ́ lọgọ". Ó dára kí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́nu bà wọ́n. Ohun tí kò dára ni kí ó kọ ojú ewé mẹ́wàá lórí àrokò láti fi ṣe ọ̀ṣọ́, kí ó sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Bí ó bá wò ó dáradára, yóò rí i pé èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ owó ẹyọ mẹ́fà: àjèjì kò lè tú u, ṣùgbọ́n kò sí Yorùbá kan tí kò lè tú u. Ọ̀rọ̀ àwọn ìyá ọjà Kano náà ni.

Iṣẹ́ wo wá ni ó tó ọ̀sẹ̀ 12? Èyí tí ó ní ìbéèrè kan ṣoṣo, tí ìdáhùn rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí a lè kà. Fún àpẹẹrẹ: bí ẹnì kan bá fi lẹ́tà kan rọ́pò òmíràn nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá, lẹ́tà mélòó ni ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ ní kí ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ tó lè tú u? Ìbéèrè náà kéré lójú. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kò lè dáhùn rẹ̀ nípa dída ìwé ẹlòmíràn kọ, nítorí àwọn táńbìlì iye lẹ́tà tí ó kún inú ìwé jẹ́ ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, èdè tí ó ní c, q, v, x àti z tí Yorùbá kò ní, tí kò sì ní ẹ, gb, ọ àti ṣ tí Yorùbá ní. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò ka ti Yorùbá.

Kí ó tó kà á, ìpinnu kan wà tí ó gbọ́dọ̀ ṣe, kí ó sì kọ sílẹ̀. Ṣé lẹ́tà kan ni gb ni, tàbí méjì? Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyí, kí ó wo "gbogbo". Bí gb bá jẹ́ ẹyọ kan, lẹ́tà mẹ́rin ni ó ní, ó sì rí gẹ́gẹ́ bí "baba": ìkíní, ìkejì, ìkíní, ìkejì. Bí gb bá jẹ́ méjì, ó di mẹ́fà, ó sì rí gẹ́gẹ́ bí "kíákíá". Ẹni tí ń tú ọ̀rọ̀, tí kò mọ èwo nínú méjèèjì ni a lò, yóò máa wá kíákíá níbi tí gbogbo wà.

Ti àmì ohùn tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá yí lẹ́tà padà tí ó sì fi àmì ohùn sílẹ̀ lórí wọn, ó ti tú àṣírí ara rẹ̀, nítorí fáwẹ̀lì ni ó ń gba àmì ohùn, àti n tàbí m tí ó dá dúró bíi sílébù. Ọ̀tá kò ní kà ju ìlà márùn-ún lọ kí ó tó mọ àwọn tí í ṣe fáwẹ̀lì. Bí ó bá sì yọ àmì ohùn kúrò, ẹni tí ọ̀rọ̀ náà tọ́ sí gan-an ni yóò wà nínú wàhálà: ọkọ ìyàwó ni wọ́n kọ ni, tàbí ọkọ́ tí a fi ń ro oko, tàbí ọkọ̀ tí ń lọ Èkó, tàbí ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun? Bí ó bá tún yọ àmì abẹ́ kúrò bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ti ń ṣe lórí fóònù, tí ó sì pín gb sí méjì, lẹ́tà 25 á di 21, oko tí a ń dá á sì tún kún wọn. Ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní èrè àti àdánù tirẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ dán méjèèjì wò, pẹ̀lú àmì àti láìsí àmì, kí ó fi wọ́n wé ara wọn. Ìyẹn nìkan tó orí kan nínú ìwé rẹ̀.

Kí ó sì ṣọ́ra fún ìwé tí yóò ka lẹ́tà inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá da Bíbélì àtijọ́ pọ̀ mọ́ ìwé tí a kọ lẹ́yìn tí ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun ní 1974, yóò máa ka "aiye" pọ̀ mọ́ "ayé", "enia" pọ̀ mọ́ "ènìyàn", àti "nwọn" pọ̀ mọ́ "wọ́n". Iye i àti n tí yóò rí kò ní jẹ́ ti ẹnì kankan.

Lẹ́yìn kíkà ni ìdùnnú iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀, nítorí Yorùbá ní ìwà tí ó máa ń tú u fó. Kọ́ńsónáǹtì méjì kì í tẹ̀lé ara wọn nínú rẹ̀, àfi níbi tí n tàbí m bá wà, tàbí bí a bá ka gb sí méjì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í parí sí ibòmíràn ju fáwẹ̀lì lọ, tàbí n tí ó bá jẹ́ àránmúpè. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, u kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ará Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì yóò sọ pé tiwọn ń fi í bẹ̀rẹ̀. Èyí tí ó dára jù ni àpètúnpè. Yorùbá fẹ́ràn kí ó máa pe ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì: kíákíá, díẹ̀díẹ̀, wéréwéré. Bí a ti wù kí a pa wọ́n láró tó, ìdajì àkọ́kọ́ á ṣì jọ ìdajì kejì, bí ìbejì tí a fi aṣọ bora. Ohun tí a pè lẹ́ẹ̀mejì náà ni ó kó bá àwọn ológun Jámánì. Ẹ̀rọ Enigma wọn le púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi àṣẹ lé e pé kí a máa tẹ kọ́kọ́rọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1932, Marian Rejewski, ọmọ ilẹ̀ Poland tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, di àpètúnpè yẹn mú, ó sì wà lára ohun tí ó fi mọ bí a ti to wáyà inú ẹ̀rọ náà.

Ní ti ètò àkókò, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ tó fún kíka ìwé àti fún ìjókòó pẹ̀lú olùkọ́ láti fẹnu kò lórí ìbéèrè náà. Olùkọ́ tí kò bá ráyè ní ọ̀sẹ̀ kejì kò ní ráyè ní ọ̀sẹ̀ kọkànlá. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tètè máa kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn èyí ni ti kíkó ọ̀rọ̀ jọ àti kíkà á, ó kéré tán lẹ́tà 10,000, kọ̀ǹpútà sì lè ṣe èyí bí ó bá wà. Bí kò bá sí, tàbí bí iná bá lọ, pẹ́ńsù lè ṣe é. Ọ̀nà àtijọ́ ni, iṣẹ́ náà kò sì ní torí ìyẹn dúró. Kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí ó rọrùn jù, ti Julius Caesar, níbi tí a ń sún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan síwájú ní ẹsẹ̀ mẹ́ta: lórí álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá, "owó" á di "rbr", ojú sì ti rí i pé ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí rẹ̀ jọ. Ọ̀nà 24 péré ni ó wà láti dán wò. Ìyẹn kò yẹ kí ó gbà ju ọjọ́ kan lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ó tẹ̀lé e ni ti títú gan-an, ibẹ̀ sì ni òótọ́ iṣẹ́ náà wà. Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ tú ohun tí òun fúnra rẹ̀ dì, nítorí ó ti mọ ìdáhùn. Kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan yan ọ̀rọ̀, kí ó yan kọ́kọ́rọ́, kí ó di mẹ́wàá tí ó ní lẹ́tà 50, mẹ́wàá tí ó ní 100, mẹ́wàá tí ó ní 200, mẹ́wàá tí ó ní 400, kí ó fi ìdáhùn sínú àpòòwé, kí ó sì lẹ̀ ẹ́. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ iye tí ó tú nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ àti iye wákàtí tí ó gbà á. Bí kò bá rí ẹyọ kan tú nínú àwọn oní 50, kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òfo náà jẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ̀, ó sì níye lórí ju ojú ewé 60 tí ó parí sí "kò ṣeé tú" lọ.

Bí àkókò bá ṣẹ́kù, kí ó gbìyànjú Vigenère, tí ó ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣe kọ́kọ́rọ́. Bí kọ́kọ́rọ́ bá jẹ́ "ilé", i ni yóò sún lẹ́tà kìíní, l yóò sún ìkejì, e yóò sún ìkẹta, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti i. Kíka lẹ́tà lásán kò lè tú u. Friedrich Kasiski, ọ̀gágun ilẹ̀ Prussia kan, ni ó tẹ ọ̀nà rẹ̀ jáde ní 1863, alágbàtà àdìrẹ kò sì ní ṣòro fún láti lóye rẹ̀: bí àwòrán kan náà bá ń tún jáde lára aṣọ, wọn àyè tí ó wà láàárín wọn, ìwọ yóò mọ bí pátákó tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ti gùn tó. Bí àwọn àyè náà bá jẹ́ 12, 21 àti 30, ó ṣeé ṣe kí kọ́kọ́rọ́ náà jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta.

Àwọn kan yóò wí pé eré ọmọdé ni gbogbo èyí lójú AES, pé kò sí ilé iṣẹ́ kan tí ń fi irú ìdè bẹ́ẹ̀ di nǹkan mọ́. Òótọ́ ni. Ẹni tí ìṣirò rẹ̀ bá jinlẹ̀, tí olùkọ́ rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n, lè mú ọ̀nà tuntun, kí ó gé e kéré, kí ó sì bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè tú ti Caesar, tí ó ń kọ̀wé lórí AES, àdàkọ ni yóò ṣe. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé ẹni tí a bá kọ́ ní títú yóò di olè orí fóònù. Kí ìbẹ̀rù yẹn má mú kí a pa ẹ̀kọ́ náà tì. Kí a fi ààlà sí i ni. Ohun tí ọ̀rẹ́ dì fún un nìkan ni kí akẹ́kọ̀ọ́ tú. Òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà tí Nàìjíríà ṣe ní 2015 ka wíwọ inú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láìgba àṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀, kí ó sì kọ èyí sí orí kìíní ìwé rẹ̀ kí olùkọ́ rí i.

Ibì kan wà níbẹ̀ tí òbí lè ran ọmọ lọ́wọ́ ju owó lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí ní Kaduna tàbí ní Jos ni ó ń sọ Yorùbá nílé tí kò tíì kọ ojú ewé kan rẹ̀ rí, tí àmì ohùn sì dà bí ẹgbò lójú rẹ̀. Kí bàbá tàbí ìyá jókòó, kí ó kọ ojú ewé kan ní Yorùbá tí ó jinlẹ̀, nípa ilé, nípa bí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ ìdílé, nípa ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wọ reluwé wá sí Òkè Ọya. Kí ó má fi orúkọ báńkì tàbí nọ́ńbà kankan sínú rẹ̀. Kí àbúrò ọmọ náà bá wọn dì í, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí i. Yóò ka lẹ́tà, yóò wá àpètúnpè, yóò rí fáwẹ̀lì, ọ̀rọ̀ yóò sì máa yọjú díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá tú u tán, tí ó sì bá ọ̀rọ̀ kan pàdé tí gbogbo lẹ́tà rẹ̀ pé ṣùgbọ́n tí kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, kí ó gbé fóònù, kí ó pe ilé.